Òkè Nínú Gírámà: Àwọn Èdè Tíbẹ́tì-Bọ́mà àti Àyíká Òkè Himalaya

Ìfáàrà

Bí a bá rí ẹnìkan tí ó ń rìn bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, "ó ń bọ̀" ni Yorùbá yóò wí. Ìbáà jẹ́ orí òkè ni ẹni náà ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìbáà jẹ́ ìsàlẹ̀ ni ó ti ń gùn wá, gbólóhùn náà ti pé. Bí ó bá wu ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀, ó lè lo ọ̀rọ̀-ìṣe àsínpọ̀, kí ó ní "ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀" tàbí "ó ń gòkè bọ̀", ṣùgbọ́n kò sí òfin gírámà tí ó sọ ọ́ di dandan fún un.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ó ń sọ èdè Thangmi ní agbègbè Dolakha àti Sindhupalchok, ní apá ìlà-oòrùn Kathmandu tíí ṣe olú-ìlú Nepal. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin ni wọ́n ní fún ohun tí àwa ń pè ní "wá". Bí ẹnìkan bá ti òkè wá, yusa ni wọn yóò lò. Bí ó bá ti ìsàlẹ̀ wá, wangsa ni. Bí ó bá ti ibi tí ó dọ́gba pẹ̀lú ibi tí a dúró sí wá, tàbí tí ó pẹ́ ohun kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà kí ó tó dé, kyelsa ni. Bí a kò bá mọ ibi tí ó ti wá, tàbí tí ibẹ̀ kò jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ náà, rasa ni. Mark Turin, ẹni tí ó gbé ìwé gírámà èdè náà jáde ní 2012, ti tọ́ka sí ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin yìí gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ìmọ̀ tí ó wà nínú èdè kékeré, tí èdè ńlá tí ó wà nítòsí rẹ̀ kò ní.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn kò ṣòro láti bi: kí ni òkè ń ṣe nínú gírámà? Èrò tí a ó gbé kalẹ̀ ni pé òkè kọ́ ni ó dá irú gírámà yìí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkè nìkan kò sì lè dá a dúró. Iṣẹ́ àti ìrìn àwọn ènìyàn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tí wọ́n sì ń fi èdè tiwọn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lójoojúmọ́, ni ó ń mú un wà láàyè. Bí èrò náà bá tọ̀nà, a jẹ́ pé ẹni tí ó ń ṣe ìwádìí èdè àti ẹni tí ó ń ṣe ìwádìí àyíká ní àwọn òkè wọ̀nyí, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀.

Ẹbí èdè Tíbẹ́tì-Bọ́mà

Orúkọ "Bọ́mà" kì í ṣe àjèjì létí Yorùbá. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ jagun ní ilẹ̀ náà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn kan nínú wọn sì jà ní àfonífojì odò Kaladan ní 1944. Ilẹ̀ yìí ni à ń pè ní Myanmar lónìí. Èdè Bọ́mà àti èdè Tíbẹ́tì jẹ́ mọ̀lẹ́bí, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì fi sọ ẹbí náà lórúkọ, nítorí pé àwọn ni àkọsílẹ̀ wọn ti wà fún ìgbà pípẹ́ jùlọ: ti Tíbẹ́tì láti ọ̀rúndún keje, ti Bọ́mà láti ọ̀rúndún kejìlá.

Láàárín àwọn méjì yìí àti lẹ́yìn wọn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè mìíràn wà. Bí a bá ka èdè Ṣáínà mọ́ wọn, àpapọ̀ wọn lé ní 400. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ àwọn Balti ní Pakistan, wọ́n gba orí òkè Himalaya kọjá sí Nepal, Bhutan àti apá àríwá ìlà-oòrùn Íńdíà, wọ́n sì nà dé ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, Myanmar àti Thailand. Ní Nepal nìkan, ètò ìkànìyàn 2021 rí èdè abínibí 124, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì jẹ́ ti ẹbí yìí.

Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí bí ẹbí náà ṣe pín. Èrò àtijọ́ ni pé èdè Ṣáínà ni ó kọ́kọ́ ya sọ́tọ̀, tí gbogbo àwọn tí ó kù sì jẹ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo tí a ń pè ní Tíbẹ́tì-Bọ́mà. George van Driem kò gba èyí. Lójú tirẹ̀, ẹ̀ka kan láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ni èdè Ṣáínà, orúkọ tí ó sì bá ẹbí náà mu ni èyí tí ó fi hàn pé ó wà ní ìhà méjèèjì òkè Himalaya. A ó máa lo orúkọ àtijọ́ níhìn-ín nítorí pé òun ni ó wọ́pọ̀, láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú àríyànjiyàn náà.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́-orí ẹbí náà ti ń yé wa díẹ̀díẹ̀. Ní 2019, ikọ̀ olùwádìí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lo ìṣirò kọ̀ǹpútà láti fi ọ̀rọ̀ inú ọ̀pọ̀ èdè wéra. Ọ̀kan sọ pé ìyá gbogbo wọn ti wà ní nǹkan bí 5,900 ọdún sẹ́yìn. Èkejì, tí Laurent Sagart àti Guillaume Jacques wà nínú rẹ̀, sọ pé ó tó 7,200 ọdún. Bí iye ọdún wọn kò tilẹ̀ dọ́gba, àwọn méjèèjì tọ́ka sí apá àríwá Ṣáínà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ìgbàanì ti ń gbin jéró. Ohun tí ó ṣe pàtàkì fún wa nínú èyí ni pé orí òkè Himalaya kọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ èdè náà. Àwọn ènìyàn ni ó gbé e gun òkè.

Ayé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Kí a tó lè lóye ohun tí gírámà ń ṣe, ó yẹ kí a mọ irú ayé tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nepal kò fẹ̀ púpọ̀ láti gúúsù dé àríwá. Ìwọ̀nba 200 kìlómítà ni. Síbẹ̀, ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ó wà ní gúúsù rẹ̀ kò ga tó 100 mítà ju òkun lọ ní àwọn ibì kan, nígbà tí òkè Sagarmatha tí ó wà ní ààlà àríwá ga tó 8,848.86 mítà. Kò sí ibi púpọ̀ láyé tí ilẹ̀ ti ń ga tó bẹ́ẹ̀ láàárín ìrìn tí kò jìnnà.

Bí ènìyàn ṣe ń gùn ún ni òtútù ń pọ̀ sí i. Ní ìṣirò gbogbogbò, nínú gbogbo 1,000 mítà tí a bá gùn, ooru afẹ́fẹ́ a máa dín ní nǹkan bí 6.5 °C. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi àárọ̀ gun òkè lè kúrò nínú ojú-ọjọ́ kan bọ́ sínú òmíràn kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìrẹsì ni wọ́n sábà ń gbìn ní ìsàlẹ̀ àfonífojì. Lókè rẹ̀ díẹ̀ ni àgbàdo àti jéró wà. Bí a bá tún gòkè sí i, ọkà báálì àti ọ̀dùnkún ni a ó bá. Ní nǹkan bí 4,000 mítà ní ìlà-oòrùn Himalaya, igi ńlá kì í lè hù mọ́. Pápá koríko ni ó kù, níbi tí wọ́n ti ń da yak, ẹranko bíi màlúù tí irun rẹ̀ gùn tí ó sì nípọn. Àwọn darandaran a máa kó ẹran gòkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wọn a sì kó wọn sọ̀ kalẹ̀ bí òtútù bá bẹ̀rẹ̀.

Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, "òkè" àti "ìsàlẹ̀" kì í ṣe ibi lásán. Wọ́n jẹ́ àsìkò, wọ́n jẹ́ oúnjẹ, wọ́n sì jẹ́ òṣùwọ̀n agbára tí ènìyàn yóò lò. Bí a bá sọ fún àgbẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ bọ̀, ó lè mọ irú oko tí ó ti wá, ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó rù, àti bí ó ṣe máa rẹ̀ ẹ́ tó. Ọ̀nà tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó yí ara òkè po, kò jọ ọ̀nà tí ó gùn ún tààrà, bí jíjìnnà wọn tilẹ̀ dọ́gba.

Bí gírámà ṣe ń tọ́ka sí òkè

Èdè Thangmi tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò dá wà. Àwọn èdè Kiranti ní ìlà-oòrùn Nepal ni a ti ṣe ìwádìí jùlọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Balthasar Bickel ṣiṣẹ́ lórí èdè Belhare, tí wọ́n ń sọ lórí òkè kan nítòsí ìlú Dhankuta. Ó ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ atọ́ka wọn dúró lórí ìpìlẹ̀ mẹ́ta: tu- fún ohun tí ó wà lókè, mu- fún ohun tí ó wà nísàlẹ̀, àti yu- fún ohun tí ó wà ní ọ̀kánkán tí ó dọ́gba. Ohun tí ó yani lẹ́nu jù ni pé mẹ́ta yìí kan náà ni wọ́n ń lò ní onírúurú ìwọ̀n. Wọ́n ń lò wọ́n fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí abúlé wà lórí rẹ̀. Wọ́n ń lò wọ́n fún gbogbo ayé, tí àríwá níbi tí àwọn òkè yìnyín wà fi jẹ́ òkè, tí gúúsù níbi tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ wà fi jẹ́ ìsàlẹ̀. Wọ́n sì ń lò wọ́n fún ohun tí ó wà lókè orí tàbí nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ènìyàn. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ní lọ́kàn yóò ṣi ọ̀nà gbà.

Nínú àwọn èdè Kiranti mìíràn bíi Bantawa, Camling àti Puma, òkè ti wọ inú àfòmọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. Àfòmọ́ ìparí tí ó ń fi hàn pé nǹkan wà níbì kan, èyí tí Yorùbá ń fi "ní" tàbí "sí" ṣe, pín sí mẹ́rin nínú wọn: ọ̀kan fún ibi gbogbo, ọ̀kan fún òkè, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún ibi tí ó dọ́gba. Èdè Tíbẹ́tì ti Lhasa náà ní yagi fún ohun tí ó wà lókè lọ́hùn-ún, magi fún ohun tí ó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, àti phagi fún ohun tí ó kàn wà lọ́hùn-ún.

Ní ìwọ̀-oòrùn agbègbè Sichuan ní Ṣáínà, ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Èdè Japhug, ọ̀kan nínú àwọn èdè Gyalrong, ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n máa ń so mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe: tɤ- fún òkè, pɯ- fún ìsàlẹ̀, lɤ- fún apá orísun odò, thɯ- fún apá ibi tí odò ń ṣàn lọ, kɤ- fún ìlà-oòrùn, nɯ- fún ìwọ̀-oòrùn. Èdè Qiang, tí Randy LaPolla àti Huang Chenglong kọ gírámà rẹ̀ jáde ní 2003, ní mẹ́jọ, nítorí pé ó fi inú àti ìta kún un, àti ìhà ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ àti ìhà tí ó jìnnà sí i. Nínú àwọn èdè wọ̀nyí, òkè àti odò ni kọ́ńpáàsì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrìn nìkan ni àfòmọ́ Japhug wà fún. Guillaume Jacques, nínú ìwé gírámà rẹ̀ tí ó jáde ní 2021, fi hàn pé àwọn àfòmọ́ yìí kan náà ni ó ń fi ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ aṣetán àti gbólóhùn àṣẹ hàn. Èyí ni pé bí Japhug bá fẹ́ sọ pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ yan ìhà kan fún un, bí ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò tilẹ̀ jẹ mọ́ ìrìn rárá. Ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ní ìhà tirẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ènìyàn jẹ ohun kan, òkè ni gírámà kọjú sí: tɤ-ndze. Bí ẹnìkan bá kú, ìsàlẹ̀ ni: pɯ-si. Ẹni tí ó ń sọ èdè náà kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lọ́kàn nígbà tí ó bá wí báyìí, gẹ́gẹ́ bí àwa náà kì í tí í ro ti ilẹ̀ bí a bá ní ọjọ́ "ṣú" tàbí ọjà "tú". Òkè ti yọ́ wọ inú gírámà; ó ti di ara òfin èdè.

Ṣé òkè ni ó dá a sílẹ̀?

Ó rọrùn láti sọ pé ẹni tí ó ń gbé orí òkè ni òkè yóò wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n onímọ̀ kò gbọdọ̀ kánjú. Ní 2013, Caleb Everett gbé èrò kan jáde pé àwọn èdè tí wọ́n ń sọ ní ibi gíga ni ó sábà ń ní irú kọ́ńsónáǹtì kan tí a máa ń sé èémí mọ́ ọ̀fun kí a tó tú u jáde, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́. Àpẹẹrẹ rẹ̀ láti àwọn òkè mìíràn láyé pọ̀. Àmọ́ ilẹ̀ òkè Tíbẹ́tì, tí ó ga ju gbogbo wọn lọ, kò ní kọ́ńsónáǹtì náà, òun fúnra rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ohùn tún jẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn, ó sì kan àwa tí èdè wa jẹ́ olóhùn. Tíbẹ́tì ti Lhasa ní ohùn. Tíbẹ́tì ti Amdo, tí wọ́n ń sọ ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ òkè kan náà, kò ní. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ yìí kò sí nínú afẹ́fẹ́ tàbí nínú gíga ilẹ̀. Inú ìtàn èdè ni ó wà: Lhasa pa ọ̀pọ̀ kọ́ńsónáǹtì ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí ọ̀rọ̀ jẹ, ohùn sì jókòó sí àyè wọn, Amdo di púpọ̀ nínú àwọn kọ́ńsónáǹtì náà mú, kò sì nílò ohùn.

Ní ti ìtọ́ka òkè àti ìsàlẹ̀, ẹ̀rí kò wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀rí tí ó gbe òkè lẹ́yìn ni pé irú gírámà yìí wà ní àwọn ilẹ̀ olókè mìíràn tí kò bá Himalaya tan: ó wà lára àwọn èdè ìlà-oòrùn Caucasus, ó wà ní Papua, ó sì wà ní èdè Tzeltal ní Mexico. Mark Post, tí ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ lórí àwọn èdè Tani ní Arunachal Pradesh ní Íńdíà, wo gbogbo ẹbí Tíbẹ́tì-Bọ́mà já, ó sì rí i pé orí òkè ni ìtọ́ka náà ti gbilẹ̀, nígbà tí ó ṣọ̀wọ́n tàbí tí ó ti rẹ̀yìn láàárín àwọn tí ó ń gbé pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rí òdìkejì ni èdè Nepali. Ẹbí èdè Íńdíà-Yúróòpù ni Nepali ti wá. Ó ti wà lórí àwọn òkè kan náà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn tí ó ń sọ ọ́ ń gun òkè bí ti àwọn aládùúgbò wọn, ó sì ní ọ̀rọ̀ fún òkè àti ìsàlẹ̀ bíi gbogbo èdè. Ṣùgbọ́n kò pín ọ̀rọ̀-ìṣe "wá" sí mẹ́rin nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí òkè nìkan bá tó láti bí gírámà, ì bá ti bí i níbẹ̀.

Ohun tí a lè fà yọ ni pé ogún ni gírámà yìí, àyíká sì ni ó ń pinnu bóyá ogún náà yóò wúlò. Èdè tí ó jogún ìtọ́ka òkè, tí ó sì wà níbi tí ìtọ́ka náà ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, yóò pa á mọ́, yóò sì tún mú un gbòòrò. Èdè tí ó jogún rẹ̀ tí ó sì kúrò lórí òkè lè jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ òun.

Àwọn àgbègbè tí ewu ti wà

Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Himalaya lónìí kan ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún 2008, ìmìtìtì ilẹ̀ Wenchuan ní Sichuan pa ènìyàn tí ó súnmọ́ 70,000, àárín ilẹ̀ àwọn Qiang ni ó sì ti ṣọṣẹ́. Wọ́n kó àwọn abúlé kan kúrò níbi tí wọ́n wà lọ sí ibòmíràn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 2015, òmíràn ṣẹlẹ̀ ní Nepal, tí ó pa ènìyàn bí 9,000. Ní ọjọ́ 12 oṣù tí ó tẹ̀lé e, ilẹ̀ tún mì ní ìhà Dolakha gan-an, ní ilé àwọn Thangmi. Ẹni tí a bá kó kúrò lórí òkè tirẹ̀ lọ sí ibùdó tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ kò pàdánù ilé nìkan. Ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ń tọ́ka sí kò sí níwájú rẹ̀ mọ́.

Àyípadà ojú-ọjọ́ kò sì mariwo bí ìmìtìtì ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró. Àjọ ICIMOD, tí ó wà ní Kathmandu láti 1983, gbé àgbéyẹ̀wò ńlá kan jáde ní 2019 nípa gbogbo ilẹ̀ òkè Hindu Kush àti Himalaya. Ó ní bí ayé bá tilẹ̀ ṣe é tí ooru kò ju 1.5 °C lọ, ìdá kan nínú mẹ́ta yìnyín orí òkè wọ̀nyí ni yóò yọ́ tán kí ọ̀rúndún yìí tó parí. Ènìyàn mílíọ̀nù 240 ni ó ń gbé lórí àwọn òkè náà. Àwọn bílíọ̀nù 1.65 mìíràn ni ó ń gbé ní àgbègbè odò tí ó ti ibẹ̀ ṣàn wá.

Ìmọ̀ àyíká tí ó wà nínú orúkọ náà wà nínú ewu. Olú kan wà tí ó ń hù ní pápá gíga Himalaya àti Tíbẹ́tì, láti 3,000 mítà sókè. Inú ìdin àfòpiná kan tí ó ń gbé abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti ń dàgbà, yóò pa ìdin náà, yóò sì yọrí jáde bí ewé koríko bí yìnyín bá yọ́. Orúkọ tí Tíbẹ́tì pè é ni yartsa gunbu, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "koríko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kòkòrò nígbà òtútù". Ìpele méjì tí ìgbésí ayé ohun abẹ̀mí náà ní ni orúkọ yẹn tò lẹ́sẹẹsẹ. Owó ńlá ni wọ́n ń ta olú náà báyìí, àwọn ènìyàn sì ń wú u kíkankíkan. Ẹni tí ó bá fi orúkọ ọjà nìkan mọ̀ ọ́n ti sọ ìdajì ìmọ̀ náà nù.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé bí àwọn ènìyàn bá sáà dúró lórí òkè, èdè wọn ti bọ́. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn Thangmi kan ti ṣí lọ sí Darjeeling ní Íńdíà láti wá iṣẹ́. Orí òkè ni Darjeeling wà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ kò sì kéré sí ti Dolakha. Síbẹ̀, Nepali ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọn ń sọ níbẹ̀, nítorí pé òun ni èdè ìpàdé gbogbo ẹ̀yà. Òkè wà, wọn kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè tí ó mọ̀ ọ́n. Ní Kathmandu àti ní àwọn ìlú òkèèrè tí àwọn ọ̀dọ́ Nepal ń lọ ṣiṣẹ́, méjèèjì ni kò sí. Inú irú ipò bẹ́ẹ̀ ni ó ti rọrùn fún ọmọ láti gbọ́ rasa nìkan lẹ́nu òbí rẹ̀, kí ó sì rò pé gbogbo ohun tí "wá" jẹ́ ni ìyẹn.

Bí ó ṣe yẹ kí ìwádìí rí

Àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ìwádìí àwọn èdè wọ̀nyí kò ya èdè nípá sí àyíká. Brian Houghton Hodgson, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kathmandu títí di 1843, ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ láti ọ̀pọ̀ èdè Himalaya, ó sì tún ṣe àkójọ ẹyẹ àti ẹranko ibẹ̀. Nígbà tí ó padà wá ń gbé ní Darjeeling, òun ni ó gba Joseph Hooker onímọ̀ ewéko sílé ní 1848, Hooker sì fi orúkọ rẹ̀ sọ igi òdòdó kan, Rhododendron hodgsonii. Àṣìṣe wà nínú iṣẹ́ Hodgson, èrò rẹ̀ nípa ẹ̀yà ènìyàn sì jẹ́ ti ìgbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ògiri láàárín ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ìwé ẹyẹ rẹ̀.

Ògiri náà dé nígbà tí ó yá. Iṣẹ́ ńlá tí George Grierson darí lórí àwọn èdè Íńdíà, tí ó jáde láti 1903 sí 1928, nílò ohun kan tí a lè fi wé èdè kan mọ́ èkejì. Wọ́n yan ìtàn Ọmọ Onínàákúnàá inú Bíbélì, wọ́n sì ní kí a túmọ̀ rẹ̀ sí èdè kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, àǹfààní rẹ̀ sì pọ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí kò lè rí. Ọmọ náà dìde, ó tọ baba rẹ̀ wá. Láti òkè ni, tàbí láti ìsàlẹ̀? Ìtàn náà kò sọ, kò sì ní ìdí láti sọ. Atúmọ̀ tí èdè rẹ̀ ní ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin yóò mú ọ̀kan, òǹkàwé kò sì ní mọ̀ pé mẹ́ta mìíràn wà nílẹ̀. Ìtàn tí kò ní òkè kò lè fi gírámà òkè hàn.

Ewu kan náà ni ó wà fún wa lónìí, bí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wa tilẹ̀ dára ju ti ìgbà náà lọ. Bí olùwádìí bá pe ẹnìkan sínú yàrá ní ìlú, tí ó bi í pé "kí ni ẹ ń pe 'wá'?", ìdáhùn kan ni yóò gbà, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ó ti parí. Ìwádìí tí ó yẹ ni èyí tí a ṣe lójú ọ̀nà, tí a ti kọ ibi tí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ dúró sí sílẹ̀, ibi tí ó kọjú sí, gíga ibẹ̀ ní mítà, ìhà tí odò ń ṣàn sí, àti ohun tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀ ní àsìkò náà. Onímọ̀ àyíká tí ó ń ya àwòrán ilẹ̀ náà sì lè rí nínú ọ̀rọ̀-ìṣe àwọn ará ibẹ̀ bí wọ́n ṣe pín òkè wọn, èyí tí sátẹ́láìtì kò lè rí láti òfuurufú.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé nínú ọ̀pọ̀ èdè Tíbẹ́tì-Bọ́mà, òkè àti ìsàlẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe, nínú ọ̀rọ̀ atọ́ka, nínú àfòmọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, àti nínú ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ pàápàá. A ti rí i pé òkè kọ́ ni ó dá a sílẹ̀, nítorí Nepali wà lórí òkè kan náà láìní in; a sì ti rí i pé òkè nìkan kò lè pa á mọ́, nítorí Darjeeling ga, ọ̀pọ̀ ọmọ Thangmi ibẹ̀ kò sì sọ èdè náà mọ́. Ohun tí ó so èdè mọ́ àyíká ni àwọn ènìyàn tí ó ń rìn nínú rẹ̀ tí wọ́n sì ń ròyìn ìrìn wọn fún ara wọn.

Nítorí náà, kíkọ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀ kò tó, bí ó tilẹ̀ dára. Ìwé lè sọ fún ọmọ pé yusa ni ẹni tí ó ti òkè wá. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè lò ó láìronú, ó ní láti jẹ́ pé ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn rí, tí ó gbójú sókè, tí ó rí ìyá rẹ̀ tí ó ń ti oko bọ̀, tí àgbàlagbà kan sì wà nítòsí láti sọ ọ́ ní èdè wọn.